Aṣọ àti báàgì tó ń ṣàánú: Báwo ni oníbàárà ní Niangon ṣe lè mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ?

Bí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ bá fẹ́ ra aṣọ tàbí báàgì ní Niangon, ní Yopougon nílùú Abidjan, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣeé ṣe kó wà níwájú rẹ̀.

Ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú òkìtì yougou-yougou, ìyẹn aṣọ àlòkù tí wọ́n ń pè ní òkìrìkà ní Nàìjíríà, kó ṣa èyí tó bá wù ú. Ó lè ra ànkárá, kó gbé e lọ fún télọ̀. Ó sì lè bá báàgì, ẹ̀gbà ọrùn tàbí ṣẹ́ẹ̀tì kan pàdé tí ẹni tó ń tà á máa sọ pé apá kan owó rẹ̀ wà fún ọmọ aláìlóbìí, opó tàbí aláìsàn.

Ọ̀nà kẹta yìí dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn létí. Oníbàárà á rí nǹkan gbé lọ sílé, ẹni tí kò ní á sì rí nǹkan gbà.

Àmọ́ ìbéèrè méjì wà níbẹ̀. Mélòó nínú owó náà ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n dárúkọ? Ta ló sì rán báàgì ọ̀hún, èló ni wọ́n san fún un?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ni àwọn tó ń rajà sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló sábà máa ń tóbi jù.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí kan Niangon?

Yopougon ni èrò pọ̀ sí jùlọ nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Côte d'Ivoire. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Ebrié tó ni ilẹ̀ ni orúkọ Niangon ti wá, abúlé wọn bíi Niangon-Lokoa àti Niangon-Adjamé sì ti di ara ìlú ńlá báyìí.

Aṣọ kì í ṣe nǹkan àjèjì ní Yopougon. Agbègbè ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà níbẹ̀ ni Uniwax wà, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ànkárá láti ìparí àwọn ọdún 1960. Ó jẹ́ ara ilé iṣẹ́ Vlisco, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Helmond ní Netherlands ní ọdún 1846.

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2019, ilé iṣẹ́ aṣọ olówó iyebíye Dior láti Faransé lo aṣọ tí Uniwax ṣe níbi ìpàtẹ aṣọ rẹ̀ nílùú Marrakech, ní Morocco. Pathé'O, ìlúmọ̀ọ́ká aránṣọ ọmọ Burkina Faso tó fi Abidjan ṣe ilé, wà lára àwọn tí Dior pè sí i. Òun ló ti rán ṣẹ́ẹ̀tì fún Nelson Mandela nígbà ayé rẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní Yopougon lè dé ọrùn àwọn ọlọ́rọ̀ ayé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ládùúgbò ibẹ̀ ni ayédèrú tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè tàbí yougou-yougou ni agbára wọn ká.

Ọ̀rọ̀ náà kan Yorùbá pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anango, ti ń ṣòwò ní Abidjan. Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, débi pé bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò gba Benin, Togo àti Ghana kọjá kó tó wọ Abidjan.

Ọ̀nà kìíní: Aṣọ tí wọ́n fi tọrẹ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣa yougou-yougou ni kò mọ̀ pé aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan fi ṣe sàráà.

Láti nǹkan bí ọdún 1947 sí 1948 ni àjọ aláàánú Oxfam ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Broad Street, nílùú Oxford ní Britain. Wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1942 láti ran àwọn tí ebi ń pa ní Greece lọ́wọ́ lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ètò ṣọ́ọ̀bù náà kò le: ẹni tó ní aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ á gbé e wá, àjọ á tà á lówó pọ́ọ́kú, èrè á sì lọ síbi iṣẹ́ àánú. Lónìí, irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ìlú ní Britain.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aṣọ ló máa ń tà níbẹ̀. Apá kan nínú èyí tó kù ni wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń dì í ní béèlì, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Cotonou, Lomé, Tema àti Abidjan. Láti ibẹ̀, ó ti di ọjà lásán. Ẹni tó ra béèlì kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi tú u. Bí aṣọ inú rẹ̀ bá dára, ó jèrè. Bí èyí tó ti ya tàbí tó ní àbàwọ́n bá pọ̀ nínú rẹ̀, gbèsè dé nìyẹn.

Ọjà Kantamanto nílùú Accra jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí èyí lè já sí. Àjọ The Or Foundation, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ibẹ̀, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 aṣọ ló ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kan, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń di pàǹtírí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, ọdún 2025, iná ńlá sọ nínú ọjà náà, ó sì ba ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù jẹ́.

Oxfam gbìyànjú ọ̀nà míì ní Senegal. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Frip Ethique sílẹ̀ nílùú Dakar, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin ti ń tú aṣọ náà, tí wọ́n ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀, kí wọ́n tó tà á fún àwọn oníṣòwò ìlú. Oníṣòwò mọ ohun tó ń rà, àwọn tó ń ṣa aṣọ ń gba owó oṣù, èrè rẹ̀ sì wà fún iṣẹ́ àánú ní Senegal níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì: Ra ọ̀kan, ká fún ẹlòmíràn ní ọ̀kan

Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ bàtà TOMS bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìlérí rẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá ra bàtà kan, àwọn á fún ọmọdé kan tí kò ní ní bàtà kan. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti lóye, bàtà sì tà wàràwàrà.

Àmọ́ nígbà tí TOMS gba àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé láyè láti ṣèwádìí ní El Salvador, ohun tí wọ́n rí kò tó bí èèyàn ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fún ní bàtà ló ti ní bàtà tẹ́lẹ̀, ìgbé ayé wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìbéèrè míì tí àwọn èèyàn ń bi ilé iṣẹ́ náà ni pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń rán bàtà tà ládùúgbò, bí bàtà ọ̀fẹ́ bá ń rọ́ wọlé?

Ní ọdún 2021, TOMS fi ètò ọ̀hún sílẹ̀ pátápátá. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta èrè òun ni òun yóò máa fún àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ẹni tó ń fúnni ní nǹkan fẹ́ràn lè yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó ń gbà á nílò.

Ọ̀nà kẹta: Apá kan nínú owó ọjà

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ilé iṣẹ́ á ta ọjà rẹ̀ bó ṣe ń tà á, á sì yọ díẹ̀ fún iṣẹ́ àánú.

Ètò RED, tí olórin Bono àti Bobby Shriver dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, jẹ́ ọ̀kan tí aráyé mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó bá ta ọjà pẹ̀lú àmì náà, títí kan aṣọ àti bàtà, ń san apá kan fún Global Fund tó ń gbógun ti àrùn AIDS. Owó tó ti wọlé lọ́nà yìí ti lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là.

Òmíràn kan Côte d'Ivoire gan-an. Cotton made in Africa, tí ọ̀gá oníṣòwò ọmọ Jámánì, Michael Otto, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ń bá àwọn àgbẹ̀ olówùú ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, títí kan àríwá Côte d'Ivoire. Ilé iṣẹ́ aṣọ tó bá fẹ́ lo àmì wọn ní láti san owó àṣẹ. Owó yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè mú èso púpọ̀ jáde láìba ilẹ̀ jẹ́, apá kan rẹ̀ sì ń lọ síbi ilé ẹ̀kọ́ àti omi ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń gbin òwú.

Yorùbá náà kò ṣàjèjì sí irú èyí. Bí ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdínì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá yan ànkárá kan, tí wọ́n fi díẹ̀ lé iye tí wọ́n rà á, kí wọ́n lè fi èlé náà kọ́ gbọ̀ngàn tàbí san owó ilé ìwòsàn fún ẹni tó ń ṣàìsàn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé akápò ẹgbẹ́ máa dìde ní ìpàdé láti ṣírò owó lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀nà kẹrin: Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́

Ní ọdún 2009, Ethical Fashion Initiative bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ International Trade Centre, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ okòwò àgbáyé tó wà ní Geneva. Simone Cipriani, ọmọ Ítálì, ló dá a sílẹ̀. Ìpolongo wọn kò ju ọ̀rọ̀ ṣókí lọ: kì í ṣe sàráà, iṣẹ́ ni.

Ètò náà ń so àwọn tó ń hun aṣọ ní Burkina Faso àti Mali, àti àwọn tó ń ṣe báàgì ní Kenya, pọ̀ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ńláńlá bíi ti Vivienne Westwood. Wọn kò bẹ oníbàárà pé kó ṣàánú. Ohun tí wọ́n ń tà ni báàgì tó dára, tí ẹni tó ṣe é gba owó tó tọ́ sí i.

Nílé níbí, Adejoke Lasisi ń ṣe irú rẹ̀ nílùú Ìbàdàn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ̀, Planet 3R. Ìdílé ahunṣọ ló ti wá. Òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè náà ló fi ń hun náílọ̀n píọ́ wọ́tà àti ègé aṣọ tí wọ́n ti jù nù, tó sì fi ń ṣe báàgì, bàtà àti ẹní. Ó tún ń kọ́ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà.

Ní Accra, Trashy Bags ti ń gba náílọ̀n omi lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á kiri láti ọdún 2007. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń rán an pọ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di báàgì ọjà àti àpò ìwé.

Nínú ọ̀nà yìí, kò sí owó kan tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún aláìní. Ẹni tí ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ìṣirò báàgì 5,000 CFA

Àpẹẹrẹ kan lè mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ká ní wọ́n ń ta báàgì ànkárá kan ní 5,000 CFA ní Niangon. Aṣọ, síìpù àti òwú gba 2,000. Télọ̀ gba 1,500. Owó ṣọ́ọ̀bù àti ti ọkọ̀ jẹ́ 500. Èrè tó kù jẹ́ 1,000.

Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà wà fún ọmọ aláìlóbìí, 500 CFA nìyẹn.

Bó bá ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni, 100 CFA péré ni. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọra lẹ́nu tó, ìlọ́po márùn-ún ló wà láàárín wọn.

Bó bá jẹ́ "apá kan" ló sọ, tí kò dárúkọ iye, kò sẹ́ni tó lè ṣírò rẹ̀.

Ká wá ní oníṣòwò náà fẹ́ kí àwọn èèyàn yìn ín, ó wá gé owó télọ̀ kù sí 500, ó sì kéde pé òun ń fi 1,000 CFA ṣàánú lórí báàgì kọ̀ọ̀kan. Àpò télọ̀ ni àánú yẹn ti jáde. Ó ṣeé ṣe kí télọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Nínú ìṣirò àkọ́kọ́, 1,500 tí télọ̀ gbà ju gbogbo ọrẹ tó ṣeé ṣe nínú báàgì náà lọ. Ìdí nìyẹn tí owó iṣẹ́ fi yẹ kó ṣáájú nínú ìbéèrè oníbàárà.

Owó pọ́ọ́kú, ta ló ń san ìyókù?

Kò sí ohun tó burú nínú pé kí aṣọ má wọ́n. Àmọ́ bí ó bá rọjù, ẹnì kan níbì kan lè ti san ìyókù.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2013, ilé alájà púpọ̀ kan tó ń jẹ́ Rana Plaza wó ní Bangladesh. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ fún ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn 1,134 ló kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí i lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ògiri ti sán, síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n wọlé ṣiṣẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Iye tí wọ́n kọ sára aṣọ kì í sọ gbogbo ìtàn rẹ̀.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ló ń san owó fún ọ̀gá kí wọ́n tó gbà wọ́n, tí wọ́n á sì lo ọdún mélòó kan kí wọ́n tó ṣe fírídọ́ọ̀mù. Àwọn míì parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, àmọ́ wọn kò rówó ra ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nítorí náà, bí ilé ìránṣọ kan bá ní òun ń ran àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́, ọ̀nà wà láti wọn iṣẹ́ rẹ̀. Mélòó ló kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Mélòó ló ṣe fírídọ́ọ̀mù? Mélòó nínú wọn ló ní ẹ̀rọ tiwọn báyìí?

Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà bi ẹni tó ń tajà

Èló gan-an ló ń lọ síbi iṣẹ́ àánú? Kí ó jẹ́ iye owó tàbí ìdá kan pàtó, kí ó sì yéni bóyá lára owó ọjà ni tàbí lára èrè. Ní England àti Wales, òfin Charities Act ti ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan pé kí ilé iṣẹ́ tó bá ń fi orúkọ àjọ aláàánú tajà sọ iye tí àjọ náà máa rí gbà.

Àjọ wo ló ń gbà á? "Àwọn ọmọ aláìlóbìí" kì í ṣe orúkọ àjọ. Àjọ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire yẹ kó ní ìwé tí wọ́n ń pè ní récépissé. Ní Nàìjíríà, èèyàn lè wo orúkọ àjọ lórí ìtàkùn CAC. Ní England àti Wales, ìwé orúkọ Charity Commission wà fún gbogbo èèyàn láti wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ǹjẹ́ àjọ náà mọ̀ sí i? Ìpè kan tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí àjọ náà lè fi òótọ́ hàn.

Ta ló ṣe ọjà yìí, níbo ló ti ṣe é? Ẹni tó ń san owó tó dára fún télọ̀ rẹ̀ kì í sábà tijú láti sọ ọ́.

Ṣé ó máa pẹ́? Báàgì tó já lẹ́yìn oṣù kan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Pàǹtírí ló máa dà, oníbàárà á sì ná owó míì.

Kí ni télọ̀ àdúgbò lè ṣe?

Kò dìgbà tí èèyàn bá dá àjọ ńlá sílẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló ní àpò kan tí ègé aṣọ tó kù máa ń wà. Ègé ànkárá yẹn lè di gèlè ọmọdé, yẹtí, ìdè irun, ìgbálẹ̀mú ìkòkò gbígbóná tàbí àpò owó kékeré. Owó aṣọ rẹ̀ ti wọlé tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù.

Bí télọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò kan bá kó ègé aṣọ wọn jọ fún ọmọ iṣẹ́ kan tí kò rówó ra ẹ̀rọ, tó ń fi rán nǹkan tà, tí wọ́n sì ń kọ iye tó wọlé sínú ìwé kan tí gbogbo ènìyàn lè wò, wọ́n ti dá ètò àánú sílẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà tó ra yẹtí níbẹ̀ lè rí ọmọ tí owó rẹ̀ ń ràn lọ́wọ́, ó sì lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ wá wò bóyá ó ti ní ẹ̀rọ.

Yorùbá ní kí a tó kí ènìyàn, aṣọ rẹ̀ là ń kí. Bí aṣọ náà bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n ní ó ń ṣàánú, kò burú bí ẹni tó fẹ́ rà á bá kọ́kọ́ béèrè nípa ẹni tó rán an.